Táíwò Pupa, Kẹ́hìndé Dúdú: Kí Ló Ń Mú Kí Àwọ̀ Ara Èèyàn Yàtọ̀ Síra?

BàbáÌbejì_Ìṣẹ́yìn
Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ìyàwó mi bí ìbejì ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, tọwọ́-tẹsẹ̀ ló sọ̀, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan kò kúrò nínú ẹbí wa láti ọjọ́ ìkómọjáde. Táíwò pupa bí ẹni pé epo ni wọ́n fi wẹ̀ ẹ́, Kẹ́hìndé sì dúdú bíi kóró iṣin. Èmi kò dúdú kọjá ààlà, ìyá wọn kò sì pupa. Bí a bá jókòó pọ̀ sórí àga kan náà, ẹ ò ní tètè mọ ẹni tó dúdú ju ẹnì kejì lọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta, ó ní òun kò tíì rí ibi tí wọ́n ti bu ọbẹ̀ funfun àti ọbẹ̀ pupa nínú ìkòkò kan ṣoṣo. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àfi ìyàwó mi, àti láti ọjọ́ náà ni kò ti gbé àwọn ọmọ dé ilé bàbá mi mọ́.

Mi ò wá ẹni tí yóò bá mi fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, òye ni mo ń wá. Báwo ni ọmọ méjì tó sùn nínú ilé ọmọ kan náà ṣe lè ní àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀? Nígbà tí ẹ bá sì ti ń dáhùn ìyẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé orí ìdí rẹ̀: kí ló dé tí àwọn ará Gúúsù Sudan fi dúdú tó bẹ́ẹ̀, tí òyìnbó fi funfun, tí àwa náà fi wà ní àárín?

ÌyáÀgbà_Ọ̀yọ́
Ẹ kú ewu ọmọ, Bàbá Ìbejì. Olódùmarè yóò wò wọ́n. Mo gbẹ̀bí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, ó sì ṣọ̀wọ́n kí n gbé ọmọ tí kò pupa lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ohun tí àwa máa ń ṣe ni pé a ó ká etí ọmọ náà, a ó wo ṣóńṣó rẹ̀, a ó sì wo ìdí èékánná níbi tó ti yọ láti inú ẹran. Bí ibẹ̀ bá ti ṣókùnkùn, ọmọ náà ń bọ̀ wá dúdú, bó ti wù kí ojú rẹ̀ pọ́n tó lónìí. Bí etí bá pọ́n bí ojú ṣe pọ́n, a jẹ́ pé apọ́nbéporẹ́ ni. Ẹ wo etí Táíwò fún mi kí ẹ tó gbé ọ̀rọ̀ lọ síwájú àwọn onímọ̀.

Olùkọ́_Sáyẹ́ǹsì
Ọ̀rọ̀ etí tí Màmá sọ kì í ṣe àlọ́. Nígbà tí a bá bí ọmọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe aró ara ti wà lára rẹ̀ pé pérépéré, ṣùgbọ́n wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi, ó sì máa ń tó oṣù mélòó kan kí wọ́n tó ki ara bọ iṣẹ́ náà. Etí àti ìdí èékánná wà lára ibi tí a ti máa ń tètè rí i.

Aró tí mo wí yìí ni à ń pè ní mẹ́láníìnì. Ohun tó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lẹ́nu ni pé iye sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe é kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láàárín ẹni tó dúdú jù lọ àti òyìnbó tó funfun jù lọ. Ẹ ronú nípa agbo àwọn aláró méjì ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n dọ́gba ní iye, tí ìkòkò aró wọn sì dọ́gba. Agbo kìíní ki aṣọ bọ aró lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó jáde ní dúdú kirikiri. Agbo kejì ki tirẹ̀ bọ aró lẹ́ẹ̀kan péré, ó jáde ní àyìnrín. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ara. Ní ara ẹni tó dúdú, mẹ́láníìnì máa ń wà nínú àpò tíntìnnìntín tó tóbi díẹ̀, tó pọ̀, tó sì fọ́n ká dáadáa. Ní ara ẹni tó funfun, àwọn àpò náà kéré, wọ́n sì ṣùjọ sójú kan. Oríṣi mẹ́láníìnì méjì ló tún wà, èyí tó dúdú tí wọ́n ń pè ní eumelanin, àti èyí tó pupa rúsúrúsú tí wọ́n ń pè ní pheomelanin, bí wọ́n bá sì ṣe lú mọ́ra ni àwọ̀ olúkúlùkù ṣe ń rí.

Ẹ má rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni aró yìí. Bí sẹ́ẹ̀lì awọ ara bá ti gba àwọn àpò náà, ó máa ń tò wọ́n sórí ibi tí DNA rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣiṣẹ́, wà, bí àgbẹ̀ ṣe ń dé akẹtẹ̀ lọ sóko, kí ìtànṣán oòrùn tó lágbára má baà jẹ́ kí DNA náà bàjẹ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìkòkò kan, ọbẹ̀ méjì. Bàbá Ìbejì, nígbà tí ọ̀kan ti jẹ́ ọkùnrin tí èkejì jẹ́ obìnrin, ẹyin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá. Irú ìbejì bẹ́ẹ̀ kò sún mọ́ ara wọn ju bí ẹ̀gbọ́n ṣe sún mọ́ àbúrò lọ, àfi pé wọ́n jọ gba yàrá kan náà. Irú rẹ̀ ló sì pọ̀ jù láàárín àwa Yorùbá, tí gbogbo ayé fi ń sọ̀rọ̀ Igbó-Ọrà. Àwọ̀ ara kò gbé orí jíìnì kan ṣoṣo, ìyẹn ẹyọ àkọsílẹ̀ inú DNA tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí. Ọ̀pọ̀ jíìnì ló ń pawọ́ pọ̀ ṣe é. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ẹ̀yin àti ìyàwó yín mú àpò ọmọ ayò kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, tí dúdú àti pupa wà pọ̀ nínú rẹ̀. Fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ẹ di ojú, ẹ bu ìdajì nínú tiyín, òun náà bu ìdajì nínú tirẹ̀. Kò sí ohun tó ní kí ẹ̀kúnwọ́ kejì jọ ti àkọ́kọ́. Ẹ̀yin méjèèjì wà ní àárín nítorí pé dúdú àti pupa ló wà lápò yín. Ibẹ̀ náà ni Táíwò àti Kẹ́hìndé ti mú tiwọn.

Ọmọ_Ìjọ
Ẹ ṣeun, ọ̀gá Olùkọ́. Ṣùgbọ́n ní kíláàsì àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà náà, wọ́n kọ́ wa pé Hámù ni baba àwa aláwọ̀ dúdú, àti pé ègún tí Nóà fi í gún ló sọ wá dúdú. Ṣé ẹ̀kọ́ yẹn kò ní láárí rárá ni?

Akọ̀wé_Ìjẹ̀bú
Ẹ ṣí Jẹ́nẹ́sísì orí 9 fúnra yín, kí ẹ ka ẹsẹ 25. Kénáánì, ọmọ Hámù, ni Nóà gégùn-ún fún, kì í ṣe Hámù fúnra rẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara kankan níbẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Àwọn tó wá ń lo ẹsẹ náà láti fi gbe òwò ẹrú lẹ́sẹ̀ ni wọ́n fi àwọ̀ kún un. Ibì kan tí Bíbélì ti mẹ́nu kan àwọ̀ ni Jeremáyà 13:23, níbi tó ti bi wá bóyá ará Etiópíà lè yí àwọ̀ ara rẹ̀ padà, kò sì fi ìyẹn bú ará Etiópíà. Ó dùn mí pé ẹ̀kọ́ yìí ṣì wà lẹ́nu àwọn ọmọ adúláwọ̀ fúnra wọn.

Olùkọ́_Sáyẹ́ǹsì
Mo dúpẹ́, Akọ̀wé. Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ìbéèrè kejì. Ìdáhùn rẹ̀ kúrú: oòrùn ni. Ibi tí oòrùn bá ti mú jù, ní agbedeméjì ayé, ni èèyàn ti ń dúdú jù. Bí a bá ṣe ń lọ sí òkè tàbí sí ìsàlẹ̀ ayé ni àwọ̀ ń ṣí. Ó parí.

Nọ́ọ̀sì_Ìlera
Kò tíì parí, ọ̀gá, ẹ má bínú. Ẹ kò sọ ohun tí oòrùn ń ṣe fún wa tí dídúdú fi di ànfààní. Ọ̀pọ̀ èèyàn yóò sọ pé ààbò lọ́wọ́ jẹjẹrẹ awọ ara ni, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ yẹn sábà máa ń dé lẹ́yìn tí èèyàn ti bímọ tán; ohun tó bá pa mí lẹ́yìn tí mo ti bí ọmọ mẹ́fà kò dí mi lọ́wọ́ láti fi àwọ̀ mi sílẹ̀ fún wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ sí ọ́fíìsì ìtọ́jú aboyún rí, ẹ rántí oògùn kékeré tí a máa ń fún yín lójoojúmọ́, folic acid. Irú èròjà tó wà nínú rẹ̀, èyí tí à ń pè ní folate tí ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà ní, ni ara fi ń pèsè ọ̀pá ẹ̀yìn àti ọpọlọ ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún. Bí kò bá tó, ọmọ lè wá pẹ̀lú ọ̀pá ẹ̀yìn tí kò padé. Ní ọdún 1978, àwọn olùwádìí méjì, Branda àti Eaton, fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ tó le bíi ti oòrùn lè ba folate inú ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Nina Jablonski àti George Chaplin gbé ọ̀rọ̀ náà dìde ní ọdún 2000, wọ́n sì fi ìwọ̀n ìtànṣán oòrùn káàkiri ayé wé àwọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ ní ibi kọ̀ọ̀kan. Àlàyé wọn ni pé níbi tí oòrùn ti mú, awọ dúdú ń dáàbò bo folate, èyí tó túmọ̀ sí pé ó ń dáàbò bo ọmọ inú. Ìyẹn kan ìbímọ gan-an, ohun tó bá sì ti kan ìbímọ ni yóò máa ṣẹ́ku láti ìran dé ìran.

Ṣùgbọ́n oòrùn kan náà yìí ni awọ ara fi ń ṣe fítámì D, tí egungun kò lè le láìsí i. Ọmọ tí kò bá ní in tó, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò tẹ̀ bí ọrun. Níbi tí oòrùn kò ti tó nǹkan, awọ tó dúdú kirikiri yóò dínà fún ìwọ̀nba ìtànṣán tó ń wọlé. Nítorí náà, ọ̀nà méjì ló ń fa àwọ̀ ara: ọ̀kan ń sọ pé kí o bo ara rẹ, èkejì ń sọ pé kí o ṣí fèrèsé díẹ̀. Ibi tí ìran kọ̀ọ̀kan bá ti gbé pẹ́ ló ń pinnu èyí tó borí.

Adúmáadán_Peckham
Mo lè jẹ́rìí sí fèrèsé yẹn. Ọdún kejì tí mo dé Lọ́ńdọ̀nù ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, ẹsẹ̀ ń dùn mí bí ẹni tó gbé ẹrù rìn láti Ìbàdàn dé Ìwó, mo sì rò pé iṣẹ́ alẹ́ ló fà á. Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ mi, ó ní fítámì D mi ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù kẹwàá títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, oòrùn máa ń yọ o, ṣùgbọ́n irú ìtànṣán tí ara fi ń ṣe fítámì náà kò tó nínú rẹ̀. Ìjọba ibẹ̀ ní kí gbogbo èèyàn máa lo máíkírógíráàmù 10 lóòjọ́ ní ìgbà ìwọ́wé àti ìgbà òtútù, kí àwa tí ara wa dúdú sì ronú láti máa lò ó yípo ọdún. Awọ tí mo gbé wá láti Òṣogbo ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ; ibi tí mo gbé e lọ ni kò bá a mu.

Àgbẹ̀_Sàkí
Ìbéèrè mẹ́ta ni mo ní. Bó bá jẹ́ oòrùn ni, kí ló dé tí àwọn tó ń gbé ìlú yìnyín lókè téńté ayé kò fi funfun bí ará Norway? Kí ló dé tí àwọn San ní gúúsù Áfíríkà fi pupa jù wá lọ, bẹ́ẹ̀ ará Áfíríkà ni wọ́n? Àwọn ọmọ wa tí wọ́n jókòó sí ọ́fíìsì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù láti àárọ̀ dalẹ́ ńkọ́, ṣé àwọn ọmọ wọn yóò máa pupa lọ ni?

Akẹ́kọ̀ọ́_Jíìnì
Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú, bàbá. Àwọn ará òkè téńté ayé, àwọn Inuit, ń jẹ ẹja àti ọ̀rá ẹran inú òkun tí fítámì D kún inú rẹ̀, nítorí náà kò pọn dandan kí àwọ̀ wọn ṣí kí wọ́n tó rí i gbà. Oúnjẹ náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ti àwọn San, ibi tí wọ́n ti ń gbé pẹ́ jìnnà sí agbedeméjì ayé, oòrùn ibẹ̀ kò sì mú tó ti wa. Ti àwọn ọmọ ọ́fíìsì ni ó rọrùn jù: oòrùn tó pa bàbá kì í wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Àgbẹ̀ tó dúdú nítorí oko yóò bí ọmọ tó gba àwọ̀ tí jíìnì gbé fún un. Bí ẹ bá fẹ́ mọ àwọ̀ tí a bí mọ́ yín, abẹ́ apá níbi tí oòrùn kì í dé ni kí ẹ wò. Ìyípadà tó ń wọ inú ìran máa ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ìtàn àwọn jíìnì fúnra wọn. Ní ọdún 2005, ikọ̀ Keith Cheng ní Pennsylvania ń ṣe ìwádìí lórí ẹja kékeré kan tó ní ilà lára, tí wọ́n ń pè ní zebrafish. Wọ́n rí i pé èyí tí ilà rẹ̀ ṣí nínú àwọn ẹja náà ní àbùkù lára jíìnì kan, SLC24A5. Nígbà tí wọ́n wá jíìnì náà lọ sára èèyàn, wọ́n rí i pé irú kan nínú rẹ̀ ló wà lára ọ̀pọ̀ jaburata àwọn ará Yúróòpù, ó sì kó ipa ńlá nínú fífunfun wọn. Àwọn ará Ṣáínà àti Japan kò gba ọ̀nà yẹn rárá; àwọn jíìnì mìíràn ló ṣí àwọ̀ tiwọn. Ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọ̀ gbà ṣí ní ibi méjèèjì.

Kò sì pẹ́ tí òyìnbó di funfun bí a ṣe rò. Wọ́n rí egungun ọkùnrin kan nínú ihò àpáta ní Cheddar, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1903; ó ti kú láti bí 10,000 ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n yẹ DNA rẹ̀ wò, tí wọ́n sì kéde rẹ̀ ní 2018, ohun tó tọ́ka sí ni pé ojú rẹ̀ búlúù, ṣùgbọ́n awọ ara rẹ̀ dúdú.

Ní ti àwa, Sarah Tishkoff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn àwọ̀ ara àwọn èèyàn tó ju 2,000 lọ ní Etiópíà, Tanzania àti Botswana, wọ́n sì gbé èsì jáde ní 2017. Wọ́n rí i pé àwọn jíìnì tó ń mú ara dúdú àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń mú un ṣí ti wà pọ̀ ní Áfíríkà láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni tó di òyìnbó. Àwọ̀ tó ṣí kì í ṣe àlejò láàárín wa.

Olùkọ́_Sáyẹ́ǹsì
Mo gbà. Mo yára pa ọ̀rọ̀ dé nígbà tí mo ní ó parí. Mo fẹ́ fi kún un pé jíjọ ara ẹni ní àwọ̀ kò sọ èèyàn di ìbátan tímọ́tímọ́: ará Papua, erékùṣù kan nítòsí Ọsirélíà, dúdú bíi tiwa, ṣùgbọ́n ìran rẹ̀ sún mọ́ ti ará Ṣáínà ju tiwa lọ.

Ẹni_Òrìṣà
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná. Àfín ni mí. Bàbá mi dúdú, ìyá mi dúdú, àwọn mẹ́rin tí a jọ jẹ́ ọmọ ìyá dúdú. Kì í ṣe pé mi ò ní àwọn aláró tí ọ̀gá Olùkọ́ sọ. Mo ní wọn, ṣùgbọ́n ohun èlò kan bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn, aró kò jáde. Bàbá àti ìyá mi ló gbé jíìnì náà lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan láìmọ̀; bí irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀ bá bímọ, ìdá kan nínú mẹ́rin ni àǹfààní pé ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ àfín.

Nílé wa, wọ́n ní Ọbàtálá ló mọ wá, ẹni òrìṣà ni wá, mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n iyọ̀ tí wọn kò jẹ́ kí n jẹ títí mo fi pé ọmọ ọdún mẹ́wàá kò dáàbò bò mí lọ́wọ́ ohunkóhun. Oòrùn ni ọ̀tá mi. Èkuru tí kò níyọ̀ tí mò ń jẹ nígbà náà kò ṣe mí láǹfààní tó fìlà gbígbòòrò kan àti aṣọ alápá gígùn.

Nọ́ọ̀sì_Ìlera
Ẹ ṣeun gan-an, Ẹni Òrìṣà. Ẹ jẹ́ kí dókítà máa yẹ ojú àti ara yín wò déédéé, kí ẹ sì tètè fi egbò tí kò bá jinná hàn án.

Bàbá Ìbejì, ẹ ò sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ bí ìlú ṣe rí: ẹnì kan yóò gbé ìpara wá pé kí ẹ fi ṣí Kẹ́hìndé lójú kí ó lè bá Táíwò dọ́gba. Ẹ má gbà á. Makúrì wà nínú àwọn kan, ó ń ba kíndìnrín jẹ́. Hydroquinone tí wọ́n bá lò pẹ́ máa ń sọ ojú di dúdú aláwọ̀ eérú ní ibi tí wọ́n fẹ́ kó pọ́n. Mo ti dúró ti dókítà tó ń rán ojú iṣẹ́ abẹ fún obìnrin tó ti ń bóra fún ọdún púpọ̀, òwú ń ya awọ náà bí bébà tó rin. Oríkèé ìka rẹ̀ nìkan ló ṣì dúdú, ibẹ̀ ni mo ti mọ àwọ̀ tí wọ́n bí mọ́ ọn.

BàbáÌbejì_Ìṣẹ́yìn
Wọ́n ti gbé ìpara náà wá, Nọ́ọ̀sì. Ìyá àgbà kan ládùúgbò ló fún ìyàwó mi, mo sì ti dà á nù láàárọ̀ yìí.

Mo lọ sílé bàbá mi lánàá, èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ. Mi ò lè ṣàlàyé jíìnì fún ẹ̀gbọ́n mi, nítorí náà ọ̀rọ̀ ọmọ ayò ni mo mú lọ. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí ó pe àwọn ọmọ tirẹ̀ mẹ́ta, kí wọ́n ká apá aṣọ sókè, kí wọ́n yí abẹ́ apá síta nínú ìmọ́lẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò dọ́gba. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ pupa tó Táíwò, àkọ́bí rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú tó Kẹ́hìndé. Ó wò wọ́n pẹ́, ó ní òun rò pé bọ́ọ̀lù tí àkọ́bí ń gbá lọ́sàn-án ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ó gba Kẹ́hìndé lọ́wọ́ ìyàwó mi, ó sì pọ̀n ọ́n títí a fi fẹ́ máa lọ.

ÌyáÀgbà_Ọ̀yọ́
Ẹ kú orí ire. Ẹ ò tíì dá mi lóhùn ọ̀rọ̀ etí o.

BàbáÌbejì_Ìṣẹ́yìn
Mo wò ó, Màmá. Ó pọ́n bí ojú rẹ̀ ṣe pọ́n.